Igbó Ẹkún, Kì í Ṣe Igbó Ẹkùn

Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n kì wọ́n.

Alhaja Rábíátù Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ajagunlódò. Ọmọ ọlọ́kọ̀ ogun. Ọmọ a-fàjẹ̀-pe-ìjà. Ọmọ omi ò gbé wọn, ọ̀sà ò ṣe wọ́n léṣe. Ọmọ a-sun-Ìrosùn-deérú. Ọmọ a-pa-bàbá-tán-kó-tó-kan-ọmọ. Ọmọ a-fẹkún-sọ-igbó-lórúkọ. Àbẹ̀kẹ́, ó dàárọ̀ o.

Ẹni tó bá mọ ilé Ajagunlódò ní Ẹ̀pẹ́ dáadáa yóò ti rí i pé mo kì ju bí wọ́n ṣe ń kì nínú ilé náà lónìí lọ. Gbólóhùn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn, wọ́n ti yọ wọ́n kúrò. Àwọn gbólóhùn yẹn ni mo sì fi ọjọ́ ayé mi tẹ̀lé kiri, èmi àti Alhaja.

Orúkọ mi ni Sùlé, ọmọ Ìkòròdú. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ẹ bá mi tún ibi tí ọwọ́ mi bá ti wọ́ ṣe. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ká ṣe láyé yìí, ẹ fetí sí mi. Iṣẹ́ gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ni mo ṣe títí irun orí mi fi funfun. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyá mi bi mí pé, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn, àbí òfófó?"

Ní Itamaga ni mo ti kọ́ iṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bísíríyù. Ọ̀gá Bísíríyù kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan tú rédíò kó tó gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Bí o bá fi ìkánjú mú sukurudiráfà, kọ́ńkọ́ á ti bà ọ́ lórí. Wọ́n á ní, "Rédíò ni, àbí kí ni? Iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó sọ ọ́?" A óò tẹ́tí. A óò gbọ́ bó ṣe ń hó, bó ṣe ń kùn, bó ṣe ń já. Àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, Jímọ̀ Kúkúrú á máa fi etí lé àga bí ẹni tó ń gbọ́ àìsàn àga. Ṣùgbọ́n etí tí mo fi jẹun láyé mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ọjọ́ kan ni obìnrin gíga kan wọlé pẹ̀lú rẹkọ́dà tó ti gbé kásẹ́ẹ̀tì mì. Alhaja nìyẹn. Wọn kò tíì lọ sí Mẹ́kà nígbà yẹn, Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ìtàn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gá ní kí n bá wọn yọ ọ́. Mo fa téèpù náà jáde díẹ̀díẹ̀, mo fi bírò yí i padà sínú ilé rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́. Ohùn bàbá arúgbó kan ni. Bàbá náà ń wúkọ́, ikọ́ náà gùn, mo bá fẹ́ fò ó.

Tíṣà di ọwọ́ mi mú. "Má fò ó. Ikọ́ wọn wà lára ọ̀rọ̀ wọn. Gbọ́ ibi tí ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀."

Mo dá a padà. Orúkọ ọmọ kan ni bàbá náà fẹ́ pè, ibẹ̀ ni ikọ́ gbé mú wọn. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, bàbá náà yí ọ̀rọ̀ padà, wọn kò pe orúkọ náà mọ́. Mo ti ń tẹ́tí sí rédíò láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀ pé a lè tẹ́tí sí ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ Ọ̀gá Bísíríyù, ọ̀dọ̀ Tíṣà ni mo lọ. Ohun tí wọ́n ń san fún mi kò tó ìtàn í sọ, ẹ jẹ́ ká fò ó, ìyẹn nìkan la lè fò.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́nà Agbowa sí Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, igbó kan wà. Síńbọ́ọ̀dù tí wọ́n rì síbẹ̀ kọ ọ́ ní IGBO EKUN, kò fi àmì sí i lórí. Bí ẹ bá bi ọmọ ilé Ajagunlódò, yóò ní Igbó Ẹkùn ni, ẹkùn ẹranko. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń dáko létí igbó náà, wọ́n á ní Igbó Ẹkún ni, ẹkún tí ènìyàn ń sun. Lórí ohùn kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ìjà náà dúró.

Àwọn tó ń dáko níbẹ̀ ń pe ara wọn ní ọmọ Ìrosùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìlú àwọn baba ńlá wọn, Ìrosùn, ló wà níbẹ̀. Láyé ogun, àwọn jagunjagun Ajagunlódò gba orí omi wá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n yí ìlú ká, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì pa tọmọdé tàgbà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan ju pé wọ́n jẹ́ ọmọ Ìrosùn lọ, wọn ò fẹ́ kí ẹ̀yà náà ṣẹ́kù sórí ilẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ ló fàyà fà dé Agbowa. Ohun tí ilé Ajagunlódò sọ ni pé kò sí ìlú níbẹ̀ rí, ẹkùn ló pọ̀ níbẹ̀, àlejò tí àwọn ṣàánú fún ni àwọn tó ń dáko níbẹ̀.

Tíṣà, ẹ rántí, ọmọ Ajagunlódò ni wọ́n.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jọ lọ, inú ọkọ̀ ojú omi la wà láti Agbowa. Wàídì ló ń tu ọkọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ti di olóògbé. A ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Jáṣíọ́, ọdẹ àgbà kan tí kò bá ìhà kankan tan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Tíṣà bi mí pé, "Sùlé, tí a bá débẹ̀, kí lo máa bi bàbá?"

Mo ní, "Màá ní, 'Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n pa àwọn ènìyàn níbí?'"

"O ti fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu nìyẹn. Àgbà kì í fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dá ẹ lóhùn. Tí Mudá àbúrò mi bá sì dé lọ́la, tó ní, 'Ṣé ẹkùn ló lé wọn lọ?' bẹ́ẹ̀ ni náà ni wọ́n máa wí. Kí la wá mọ̀?"

"Kí wá ni kí n wí, Tíṣà?"

"Ní, 'Ẹ kú ilé, bàbá.' Kí o tẹ ẹ̀rọ rẹ. Kí o dákẹ́."

Wàídì bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ gbà mí síṣẹ́ yìí o. Iṣẹ́ kí ènìyàn dákẹ́."

"Dákẹ́ láti ibí dé èbúté, ká wò ó."

Wàídì gbìyànjú. Kò pẹ́ tó fi ní, "Ẹ ò rí ẹyẹ yẹn bí?" Tíṣà kàn wò mí. Mo mọ̀ pé dídákẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ẹ̀yin lè rò pé Tíṣà kò ka ọ̀rọ̀ ẹkùn sí. Rárá o. A wá ẹkùn náà bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Bàbá Jáṣíọ́ sọ fún wa láìjẹ́ pé a bi wọ́n pé ẹkùn wà nínú igbó náà lóòótọ́, pé baba wọn pa ọ̀kan, wọ́n sì rí awọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìrosùn ti wọmi. Inú Tíṣà dùn, wọ́n ní kí n rí i pé ẹ̀rọ gbé e dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Jáṣíọ́ na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, wọ́n mú ohun tí ọkọ́ wọn máa ń hú nínú oko létí igbó yẹn jáde: àpáàdì ìkòkò tó jóná dúdú, àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn obìnrin tó ti yọ́ mọ́ra wọn di òkìtì kan ṣoṣo.

Tíṣà gbà á sọ́wọ́. "Ẹkùn lè wà," ni wọ́n wí nígbà tí a padà dé ọkọ̀. "Ẹkùn lè pa ewúrẹ́, ó lè pa ènìyàn. Sùlé, ẹkùn kì í dáná sun ìlẹ̀kẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í ti ẹnikẹ́ni ṣubú. Wọ́n á gba ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n á gbé e rìn, wọ́n á bá a dé ibi tí kò lè rìn mọ́.

Ní Ọjà Olúwo pàápàá, ẹja ni wọ́n fi ń béèrè. Tíṣà á kàn ní, "Níbo lẹja yìí ti wá?" Wọ́n á jẹ́ kí ẹnu àwọn ìyá náà pe igbó yẹn bó ṣe máa ń pè é. Mo rántí Ìyá Múrí, ará Ẹ̀pẹ́, àti Ṣùwé, ìyàwó ará Agbowa, tí àtẹ wọn fara kanra.

Ìyá Múrí ní, "Ẹja etí Igbó Ẹkùn rè é, Tíṣà. Ẹ wo ojú ẹ̀, ó ṣì ń wò yín."

"Ẹkùn ti bàbá ta?" ni Ṣùwé wí. "Igbó Ẹkún."

"Èwo ni ti ẹkún? Ṣé ẹja náà ń sunkún ni?"

"Ìwọ lo máa sunkún tí Tíṣà bá ra tèmi."

Tíṣà rà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí a ti ń lọ, wọ́n ní, "Ẹni tó ń tajà kì í rántí pé òun ń jẹ́rìí. Ẹ̀rí tó dára jù nìyẹn." Mo ti ń bá ìyá mi lọ sí ọjà yẹn láti kékeré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ bíi ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ la etí.

Ọjọ́ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ mi ni ọjọ́ tí a lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sàfù. Nínú ilé Ajagunlódò gan-an ni. Ìyá Sàfù ni ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé náà, wọ́n ti wọlé kí wọ́n tó bí Tíṣà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn obìnrin tí a fẹ́ wá sílé ni oríkì ilé wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ilé kì í kì ara rẹ̀. Ìyàwó ló ń kì í.

Tíṣà kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá mi, ẹ kì mí."

Ìyá Sàfù wo ẹ̀rọ mi. "Èwo ni kí n kì? Èyí tí à ń kì níwájú àlejò, àbí èyí tí à ń kì?"

Tíṣà ní, "Èyí tó bá wù yín, ìyá mi."

Ìyá Sàfù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọlọ́kọ̀ ogun. Ọmọ a-fàjẹ̀-pe-ìjà. Ohùn wọn kò gbọ̀n rárá. Nígbà tí wọ́n dé *ọmọ a-sun-Ìrosùn-deérú*, mo rí i tí Tíṣà gbé ojú sókè. Wọ́n dé *a-pa-bàbá-tán-kó-tó-kan-ọmọ*. Wọ́n dé *a-fẹkún-sọ-igbó-lórúkọ*. Ẹkún ni wọ́n wí, ohùn náà lọ sókè kedere bí agogo. Kò sí ẹkùn kankan níbẹ̀.

Ìyá Sàfù wò wá. "Kí ló dé tí ojú yín rẹ̀? Ìwúrí ni. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni."

Tíṣà rọra béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ kì í bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ìyá mi?"

"Ó pẹ́. Bàbá yín ló ní ká má kì í mọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a fi ń yangàn lánàá lè di ẹ̀rí lọ́la. Wọ́n ní kí àwa obìnrin máa fò ó."

Bàbá tí Ìyá Sàfù wí yẹn, bàbá tó bí Tíṣà ni. Bàbá tó rán wọn lọ sílé-ìwé nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìwé kò yẹ obìnrin. Tíṣà dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún Ìyá Sàfù, a jáde. Lẹ́bàá ọ̀sà ni wọ́n ti dúró.

"Sùlé, àwọn tó pa wọ́n kò purọ́. Wọ́n fi ṣe oríkì. Àwa ọmọ wọn la purọ́."

Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe etí ọ̀sà tiwa nìkan. Wọ́n sọ nípa ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sọ nípa Rùwáńdà, ibi tí wọ́n ti dìde sí ẹ̀yà kan láti pa á tán, tí àwọn kan sì tún jókòó lẹ́yìn náà tí wọ́n ń kọ̀wé pé kò ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn tó sá àsálà ṣì ń mí. Wọ́n ní pípa àkọ́kọ́ ń mú ènìyàn lọ, èkejì ń mú kí ó dà bíi pé a kò bí i rí. Wọ́n ní iṣẹ́ òpìtàn ni kó dúró lẹ́nu ọ̀nà èkejì yẹn. Mo wo obìnrin yìí, mo wo omi.

Wọn kò tẹ ọ̀rọ̀ Ìyá Sàfù jáde lọ́gán. Ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní ẹnu kan ni, ẹnu kan kò tó, kódà tó bá jẹ́ ẹnu tí àwọn fẹ́ràn.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀sà fi kún. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tó dàgbà á rántí òjò ọdún náà. Yàrá tí a kó kásẹ́ẹ̀tì sí wà lẹ́yìnkùlé Alhaja, wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà wọ́n ti bọ̀ nígbà yẹn. Omi wọlé, ẹrẹ̀ wọlé tẹ̀lé e, gbogbo páálí rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo tú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo fi omi tó mọ́ ṣan téèpù rẹ̀, mo ta á sórí okùn tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí. Ó lọ láti ògiri dé ògiri, ó ń dán nínú oòrùn.

Aládùúgbò kan, Ráṣídì apẹja, kọjá, ó ní, "Sùlé, ẹja wo lo pa yìí tí kò lórí tí kò nírù?"

"Ohùn ni," mo wí.

"Ohùn ta ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn fún un, ẹni tó wà lórí okùn yìí, ẹni tó wà lórí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ráṣídì bọ́ fìlà rẹ̀. Ó bá mi gbá eṣinṣin kúrò lára wọn títí oòrùn fi wọ̀.

Àwọn kan padà bọ̀ sípò. Ti Ìyá Sàfù kò padà. Mo tẹ̀ ẹ́, ìró omi ni mo gbọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọ̀sà. Ìyá Sàfù fúnra wọn sì ti kú ṣáájú òjò náà. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sunkún.

Alhaji Mudá wá kí ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọn ni olórí ẹbí nígbà náà. Wọ́n wo okùn, wọ́n wo páálí. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dà bíi pé Ọlọ́run ló bá wa fọ̀ ọ́."

Alhaja ní, "Ọlọ́run fọ kásẹ́ẹ̀tì, Mudá. Kò fọ ẹnu."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n bi mí pé, "Sùlé, nígbà tí bàbá mi ní kí wọ́n má kì í bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn ta ni wọ́n sọ fún?"

"Àwọn ìyàwó ilé."

"Àwọn ọmọ obìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí obìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, bí ó ṣe ń gbé àpótí rẹ̀ ló ń gbé oríkì ilé bàbá rẹ̀. Yóò máa fi kì ọmọ tó bí, yóò máa fi kì ọmọ ọmọ. Ta ló ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n fò ó? Ẹnikẹ́ni kò rántí wọn. Alhaja ní, "Wọ́n gé igi nílé, wọ́n gbàgbé pé wọ́n ti fi ẹ̀ka rẹ̀ ta ìlú lọ́rẹ."

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A bá Ìyá Ráfíù ní Itamaga, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́. A bá Ìyá Dúró ní Agbowa, tó ti di ọmọ ìjọ, tí kò tẹ ilé bàbá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Alhaja kò ní kí wọ́n wá kì fún ẹ̀rọ. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé ọmọ ọmọ wọn sẹ́sẹ̀, kí wọ́n kì í bí wọ́n ṣe máa ń kì í. Èmi á jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Ráfíù kì, wọ́n dé *a-fẹkún-sọ-igbó-lórúkọ*, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Dúró kì, gbólóhùn kan náà, ohùn kan náà. Wọn kò mọ ara wọn rí. A bá àwọn mìíràn. Gbogbo àwọn tó lọ sílé ọkọ kí bàbá Alhaja tó pàṣẹ, ó wà lẹ́nu wọn. Àwọn tó lọ lẹ́yìn àṣẹ, kò sí lẹ́nu wọn. Ó já geere bí ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Mo ń gbọ́ ọ létí mi. Irọ́ náà ní ọjọ́ ìbí, Alhaja sì ti fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n tó pe ẹbí jọ.

Mo wà níbẹ̀. Alhaji Mudá kọ́kọ́ ní kò sí ìlú kankan níbẹ̀. Alhaja kó àpáàdì àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Alhaji Mudá ní ó dáa, ìlú lè wà, ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ló lè wà níbẹ̀, àwọn díẹ̀ ló kú. Alhaja ní kí n tẹ oríkì. Àwọn àgbà ilé sọ orí kọ́. Alhaji Mudá wá ní, "Ogun ni. Àwọn Ìrosùn ló kọ́kọ́ bú wa."

Alhaja ní, "Mudá, o ti gun àkàsọ̀ mẹ́ta láàárín ìjókòó kan. Kò ṣẹlẹ̀, ó kéré, ó tọ́ sí wọn. Ẹni tó ní nǹkan kò ṣẹlẹ̀ kì í mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà."

Alhaji Mudá dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ pọ̀n mí. Bí ẹ bá gbé e jáde síwèé, mo fi ilẹ̀ yìí búra, ẹ ò ní sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Yorùbá ilé àtijọ́ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Gbogbo òkú ilé Ajagunlódò, inú ọgbà ilé náà ni wọ́n wà. Alhaja ti fi ọwọ́ ara wọn han mí ní ibi tiwọn, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, lápá òsì bàbá wọn. Wọ́n fẹ́ràn bàbá yẹn. Wọ́n wo ibẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Mo gbọ́, Mudá." Wọ́n gbé ìwé náà jáde.

Ní ti irinṣẹ́, mo ti rí ayé. Rẹkọ́dà àkọ́kọ́ wúwo bí àpótí ìrìn-àjò, bátìrì rẹ̀ ń jẹ owó bí àgbàdo. Ó di kékeré, ó di fóònù. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi, Mùtíátù, fi fóònù rẹ̀ gbé ohùn tèmi gan-an jáde, tó ń sọ pé, "Igbó Ẹkùn ni, mo ti gbà." N kò sọ ọ́ rí. Ó ní ẹ̀rọ ló ṣe é, ó ní àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri. Mo gbé e lọ fún Alhaja lórí ibùsùn àìsàn, mo ní, "Alhaja, iṣẹ́ wa ti parí. Ohùn pàápàá ti ń purọ́."

Wọ́n tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, "Ó jọ ẹ o. Ó tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá jù ẹ́ lọ." A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní, "Ohùn kan ò tó rí, Sùlé. Ìgbà wo ni mo sọ fún ẹ pé ó tó? Máa béèrè ta ló wà níbẹ̀, ta ló tún gbọ́, ta ni kò jèrè nínú rẹ̀."

Àárọ̀ Àlàmísì ni Alhaja kú. Ọkọ wọn ti lọ tipẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Sìlífátù. Ó pe Alhaji Mudá lórí fóònù. Ó fi èsì náà sí gbangba kí n gbọ́: "Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Mo ti búra lórí ilẹ̀, mi ò lè tú u."

Sìlífátù kò sunkún. Ó wò mí. Mo pe Kàmọ̀rù, àgbà àwọn ọmọ Ìrosùn, ojúgbà mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Ilẹ̀ wà. Ẹ gbé wọn bọ̀."

Létí igbó náà, níbi tí oko àwọn ọmọ Ìrosùn ti pàdé omi, ni wọ́n gbẹ́ sàárè sí. Èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá Ráfíù wá láti Itamaga, Ráṣídì apẹja wá, àwọn ọmọ tí Alhaja kọ́ nílé-ìwé ti ní ewú lórí. Àwọn ìyàwó ilé Ajagunlódò náà wá, wọn kò sì gba àyè lọ́wọ́ olórí ilé. A kirun sí wọn lára. Ó ku ẹni tó máa wọ inú sàárè láti gbà wọ́n, ọkùnrin tó bá wọn tan. Kò sí. Kàmọ̀rù ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

Alhaji Mudá ló dúró lókè ọ̀nà, níbi tí oko ti bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti bọ́ bàtà wọn, wọ́n mú un dání, ẹsẹ̀ wọn kò tíì kan ebè kankan.

Wọ́n ní, "Kàmọ̀rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n wọ ilẹ̀ yín."

Ilẹ̀ yín. Mo ti fi gbogbo ayé mi gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu olórí ilé Ajagunlódò rí. N kò mú ẹ̀rọ kankan dání. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ.

Kàmọ̀rù tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, bàbá."

Alhaji Mudá rìn gba àárín ebè. Wọ́n bọ́ agbádá wọn fún mi, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú sàárè, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, a sì gbé ẹ̀gbọ́n wọn lé wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì ni a sin Alhaja Rábíátù Àbẹ̀kẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní Igbó Ẹkún.